Ṣé èdè Nọ́wè ló yí gírámà Saami padà, àbí Saami ló yí tiwọn?

Àrìnkò_Romsa · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú bí ìbéèrè mi bá gùn. Tromsø ní àríwá Nọ́wè ni mo wà. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ni mo wá kọ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ èdè. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í yọ rárá níbí ní Oṣù Kejìlá, ìyẹ̀wù sì lè ká èèyàn mọ́. Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Saami ti Àríwá. Romsa ni àwọn Saami ń pe Tromsø, ibẹ̀ ni mo ti fà á yọ fi jórúkọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà wa kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: *Mus lea beana*. "Mo ní ajá" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Tí a bá tú u palẹ̀, *mus* ni "lọ́dọ̀ mi", *lea* ni "wà", *beana* ni "ajá". Ẹ̀rín pa mí. Ajá wà lọ́dọ̀ mi! Ṣebí àwa náà ń sọ pé owó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ Nọ́wè tí a jọ jókòó ló ń họrí, torí *Jeg har en hund* ni tiwọn, bíi "mo ní ajá" gẹ́lẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ẹnì kan láàárín wa, ará Snåsa ní àárín Nọ́wè, tí ìyá-ìyá rẹ̀ ń sọ Saami ti Gúúsù, ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ nílé àwọn. *Manne bïenjem utnem* ni tiwọn: èmi, ajá, ní. *-m* tó wà nídìí *bïenjem* ló ń fi hàn pé àbọ̀ ni ajá. Ó ti wá dà bíi ti Nọ́wè! Ṣé Nọ́wè ló kó o ràn wọ́n ni?

Kòmọ̀kànkan · 9:20 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ló ń jẹ́ Saami? Kí n mọ ohun tí mo fẹ́ jà lé lórí.

Ìyá Ìbejì Umeå · 9:41 alẹ́

Ìwọ àti ìjà! Àwọn ni wọ́n ti wà ní òkè àríwá Nọ́wè, Swídìn, Fínlándì àti apá Kola ní Rọ́ṣíà kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà sáàárín wọn. Sápmi ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ wọ́n mọ́ sísin àgbọ̀nrín òtútù, ṣùgbọ́n apẹja pọ̀ nínú wọn tipẹ́. Èdè wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Saami ti Àríwá ló tóbi jù, àwọn tó ń sọ ọ́ tó 20,000 ó lé. Saami ti Gúúsù ò ju bí 500 lọ. Ti Ume, èyí tó jẹ́ ti agbègbè wa níbí ní Umeå ní Swídìn, ìka ni wọ́n fi ń ka àwọn tó gbọ́ ọ. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí o, mi ò kàwé èdè. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu aláìsàn ni mo ń sọ.

Tíṣà Gírámà · 10:35 alẹ́

Àrìnkò, ìbéèrè rẹ ò gùn, ó jinlẹ̀ ni. Gírámà Yorùbá ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì. Àwọn èdè ìhà ibẹ̀ yẹn ni mo wá fi ń ṣeré ọjọ́ ogbó.

Saami kì í ṣe ìbátan Nọ́wè. Èdè Fínlándì, ti Ẹstóníà àti ti Họ́ngárì ni ẹbí rẹ̀. Nọ́wè, Swídìn, Dẹ́ńmákì àti Áísílándì, ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Nítorí náà, tí ojú wọn bá jọra níbì kan, a ò lè sọ pé ìyá kan ló bí wọn. Ó lè jẹ́ pé gbígbé pọ̀ ló fà á, ó sì lè jẹ́ àkọsẹ̀bá.

Wàyí o, *utnem* tí ọmọ Snåsa sọ. Nọ́wè kọ́ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ Saami ni. Ìbátan rẹ̀ wà ní kíláàsì tìrẹ náà: *atnit*. Bi tíṣà rẹ, yóò sọ fún ọ pé "lò", "wọ̀", "dì mú" ni *atnit* ń jẹ́. Ní Gúúsù, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ti kúrò ní "dì mú", ó ti di "ní". Nínú Saami ti Pite àti ti Lule ní ìhà Swídìn, *adnet* ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Wọn ò yá ọ̀bẹ aládùúgbò. Ọ̀bẹ tiwọn ni wọ́n mú, wọ́n wá ń fi gé ohun tí aládùúgbò ń fi tirẹ̀ gé.

Kí ló mú wa fura sí Nọ́wè àti Swídìn? Wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Gúúsù, Pite àti Lule, àárín àwọn tó ń sọ *har* ni wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Saami ti Àríwá ní tirẹ̀ tún fẹ̀gbẹ́ kan ti Fínlándì, Fínlándì sì ń sọ pé *minulla on koira*, "lọ́dọ̀ mi ni ajá wà". Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kan ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ kò ní tètè yí ohùn padà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ti àtijọ́ ò tíì kú ní Gúúsù. *Mov lea bïenje* ṣì wà níbẹ̀. *Mov* yẹn ni "tèmi". Méjèèjì ń gbé inú ilé kan náà.

Àrìnkò_Romsa · 10:52 alẹ́

Ọ̀bẹ! Ẹ ṣeun, sà. Èmi ti ń wá *har* kiri nínú *utnem*, mo ti ń rò pé wọ́n bó o lára ni.

Ìyá Ìbejì Umeå · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Bàbá Tíṣà, ṣùgbọ́n èmi rò pé ti Àríwá gan-an ni Nọ́wè bà jẹ́ jù. Ẹnìkan sọ fún mi pé ní Gúúsù, "nínú ilé" àti "láti inú ilé" yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n pé Àríwá ti pa méjèèjì pọ̀. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọwọ́ Nọ́wè?

Tíṣà Gírámà · 8:30 àárọ̀

Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún yín, Ìyá Ìbejì. Ibi tí ẹ fà á lọ ni mi ò bá yín dé.

Ní Gúúsù, *gåetesne* ni "nínú ilé", *gåeteste* ni "láti inú ilé". Ní Àríwá, *Romssas* ń jẹ́ "ní Tromsø", ó tún ń jẹ́ "láti Tromsø". *Mun orun Romssas*: Tromsø ni mò ń gbé. *Mun boađán Romssas*: láti Tromsø ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń jẹ́ ká mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹ wá bi ara yín ní ìbéèrè kan: ṣé Nọ́wè fúnra rẹ̀ pa méjèèjì pọ̀? Rárá. *I* ni "nínú", *fra* ni "láti". Báwo ni ẹni tí kò ṣàìsàn yóò ṣe kó àìsàn ranni? Ẹ tún wo Lule, tí Swídìn yí ká: *-n* ni tirẹ̀ fún "nínú", *-s* fún "láti", wọn ò dà á pọ̀. Tó bá jẹ́ aládùúgbò ló fa ìdàpọ̀ yìí, àwọn tí aládùúgbò yí ká jù ni ìbá kọ́kọ́ mú. Àwọn ìró ìparí ọ̀rọ̀ ló gbó títí wọ́n fi dọ́gba, nínú ilé Saami fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ewúrẹ́ tó sọnù ni aládùúgbò jí.

Ìyá Ìbejì Umeå · 8:34 àárọ̀

Ó dáa, mo gbà. Mo ń lọ sùn.

Kòmọ̀kànkan · 12:15 ọ̀sán

Èmi fẹ́ràn Bàbá Tíṣà torí pé wọ́n ń gba ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ pé gbogbo wa ti gbà pé Saami ló ń gbà, Nọ́wè ló ń fún un. Ṣé aládùúgbò kékeré ò lè fún ńlá ní nǹkan ni?

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 12:58 ọ̀sán

Ohun tí mo ti ń dúró dè látàná nìyí!

Ọ̀mọ̀wé kan wà, Jurij Kusmenko. Ní 2008, ó kọ ọ́ síwèé pé nǹkan púpọ̀ tó ya Nọ́wè àti Swídìn sọ́tọ̀ láàárín ẹbí wọn, ọwọ́ Saami ni wọ́n ti wá. Ẹ wo bí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe ń kọ́kọ́ ń sọ *the* tàbí *der* kí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Nọ́wè ń so tirẹ̀ mọ́ ìdí ni: *hund* ni ajá, *hunden* ni ajá náà. Ibo ni wọ́n ti rí irú ìyẹn? Saami ní àfòmọ́ ìparí tó ń fi olóhun hàn: *áhčči* ni bàbá, *áhččán* ni bàbá mi. Àbá tó dá ni pé àwọn Saami tó pa èdè wọn tì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Nọ́wè gbé àṣà ìdí ọ̀rọ̀ yẹn dání wọ inú èdè tuntun.

Tíṣà Gírámà · 2:20 ọ̀sán

Mo mọ àbá yẹn, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gbà á pọ̀ ju àwọn tó gbà á lọ, èmi náà ò sì gbà á tán. *-en* yẹn ní orísun nínú ilé: *hinn*, "yẹn", ti Nọ́wè àtijọ́, tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Rùmáníà àti Bùgéríà, Saami kankan ò sì débẹ̀.

Ohun kan ni mo máa fún ọ ṣá. Ní ìwọ̀-oòrùn Jutland ní Dẹ́ńmákì, wọn kì í so ó mọ́ ìdí. *Æ hus* ni wọ́n ń sọ fún "ilé náà", iwájú ló ń wà. Ibẹ̀ sì jìnnà pátápátá sí Saami. Tí mo bá jẹ́ agbẹjọ́rò Kusmenko, ibẹ̀ ni ǹ bá dúró lé.

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 2:41 ọ̀sán

Àti èémí tó máa ń ṣáájú kọ́ńsónáǹtì ńkọ́, sà? *h* inú *áhčči* àti *boahtit*. Ọ̀pọ̀ èdè Saami ló ní in, àwọn ẹ̀ka-èdè Nọ́wè àti Swídìn kan ní in, Áísílándì náà ní in.

Tíṣà Gírámà · 3:10 ọ̀sán

Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn àgbà ṣì ń fà á. Àwọn kan ní Saami ló kó o ran Nọ́wè, àwọn kan ní ìdà kejì ni. Nínú ọ̀rọ̀ Áísílándì ni ẹ ti máa rí ìṣòro rẹ̀: láti nǹkan bí 870 ni àwọn ará Nọ́wè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀, Saami ò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní Saami ló fún wọn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé pé wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó wọkọ̀. Kò ṣàìṣeé ṣe. Wọ́n ti ń bára wọn gbé ṣáájú ìgbà náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ àyálò inú Saami jẹ́rìí sí i: *áiru*, àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Nọ́wè àtijọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ń pè é ní *ár*. Ṣùgbọ́n èyí tó dàgbà jù ú lọ, *airu*, ni Saami yá, ó sì tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Olówó ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó yá aṣọ ṣì wọ ti àkọ́kọ́ sọ́rùn.

Kòmọ̀kànkan · 3:12 ọ̀sán

Ẹ̀n-ẹ́n! Mo kọ ìyẹn sílẹ̀.

Àrìnkò_Romsa · 8:47 alẹ́

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Mo lọ jẹun nílé ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Saami. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan náà wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ń sọ ìtàn bàbá wọn tó ti kú, wọ́n ń sọ *áhččán*, *áhččán*, *-n* yẹn ń bọ́ bí ilẹ̀kẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ sọ fún mi pé bàbá òun ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. *Mu áhčči* ló sọ: "bàbá mi", ọ̀rọ̀ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò fi àfòmọ́ kankan sí i. Ìyá àgbà gbọ́, wọn ò sọ nǹkan, wọ́n kàn bu ẹja sí abọ́ ọmọ.

Nọ́wè ń sọ *min far* tàbí *faren min*, ọ̀rọ̀ méjì. Bàbá Tíṣà, ẹ má sọ fún mi pé èyí náà kì í ṣe ewúrẹ́ tí aládùúgbò jí.

Tíṣà Gírámà · 9:30 alẹ́

(Ẹ̀rín.) Ẹ ti ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ara mi.

Òótọ́ ni pé àfòmọ́ yẹn ti ń dínkù lẹ́nu àwọn ọmọdé, kì í ṣe nílé yẹn nìkan. Nọ́wè lè ti fọwọ́ tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n sáré lọ sí Fínlándì. Nínú ìwé, *isäni* ni "bàbá mi". Ní ìgboro, *mun isä*. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà, láìsí Nọ́wè. Ìyẹn ni pé *mu* ti wà nílẹ̀ nínú Saami tẹ́lẹ̀, ó ṣeé lò, kò la wàhálà yíyí ìdí ọ̀rọ̀ padà lọ. Ọmọ tó ń gbọ́ *min* níléèwé ní gbogbo ọjọ́ yóò kàn máa mú *mu* ju bí ìyá àgbà ṣe ń mú un lọ. Aládùúgbò kì í sábà wọlé wá kó ẹrù. Ó kàn ń jẹ́ kí ohun tó ti wà nígun ilé di ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ ni. Ohun tó sì jọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí *utnem* náà nìyẹn.

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 9:44 alẹ́

Ìyẹn jẹ́ kí n rántí *moai*. Àrìnkò, ṣé wọ́n ti kọ́ yín?

Àrìnkò_Romsa · 9:50 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni! *Moai bohte*: àwa méjì ń bọ̀. *Mii boahtit*: àwa tí a ju méjì lọ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ń yí padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 9:56 alẹ́

Nọ́wè àtijọ́ náà ní arọ́pò-orúkọ fún èèyàn méjì, *vit*. Ó ti sọnù lẹ́nu wọn tipẹ́. Saami ṣì di tiwọn mú. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi bára wọn gbé, kò ran èyí.

Tíṣà Gírámà · 10:08 alẹ́

Kí ẹ sì fi ètò ọ̀rọ̀ ti Gúúsù kún un. *Manne gærjam lohkem*: èmi, ìwé, kà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbẹ̀yìn. Àríwá ti gbé e wá sáàárín bíi ti Nọ́wè àti Fínlándì: *Mun logan girjji*. Àwọn tí Nọ́wè yí ká jù ló tún di àtijọ́ mú jù níhìn-ín. Ẹni tó bá ní òun mọ ohun tí ìgbépọ̀ máa yí àti ohun tí kò ní yí, ẹ bi í léèrè Gúúsù.

Ìyá Ìbejì Umeå · Ọjọ́rú, 7:15 alẹ́

Mo ti sun oorun. Ẹ gbàgbé ohun kan, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé: wọ́n FIPÁ mú àwọn èèyàn yìí. Kì í ṣe pé ajá tirẹ̀ àti ajá tèmi kàn pàdé lójú ọ̀nà. Ní Nọ́wè, ìwé àṣẹ 1898 ní kí àwọn tíṣà má lo Saami níléèwé àfi tí kò bá sí ọ̀nà míì. Òfin 1902 ní ẹni tí kò bá lè sọ Nọ́wè, tí kò lè kà á kó sì kọ ọ́, kò ní lè ra ilẹ̀ ìjọba ní Finnmark. Ní Swídìn níbí, wọ́n kó ọmọ àwọn darandaran sí iléèwé tiwọn lọ́tọ̀ láti 1913. Aláìsàn mi kan, màmá arúgbó, sọ fún mi pé ìgbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí ni òbí àwọn máa ń sọ Saami. Wọn ò fi kọ́ àwọn. Ìtìjú ni.

Kòmọ̀kànkan · 7:31 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá fi òfin dá èdè dúró, ṣebí kíkú ló ń kú? Gírámà wo ló tún fẹ́ yí padà?

Ọmọ_Àkúrẹ́ · 8:02 alẹ́

Ìbéèrè gidi. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Tí o bá ń sọ èdè rẹ lọ, tí o sì gbọ́ ti aládùúgbò, ó lè yí èdè TÌRẸ. *Utnem* nìyẹn. Tí gbogbo abúlé bá wá pa èdè wọn tì láàárín ìran méjì, èdè tí wọ́n KÓ SÍ ló máa gba àpá. Ibi tí Saami ti fi nǹkan fún Nọ́wè láìsí àríyànjiyàn púpọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá sì máa fẹ́ràn rẹ̀: ohùn ọ̀rọ̀ ni!

Nọ́wè ní ohùn méjì. *Bønder* ni àwọn àgbẹ̀, *bønner* ni ẹ̀wà. Ìró lẹ́tà wọn dọ́gba, *d* yẹn kì í dún. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ọmọ Nọ́wè kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é, bí èèyàn ò ṣe ń ronú kó tó ya ọkọ̀ kúrò lára ọkọ́. Saami ò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, Fínlándì ò ní. Ní àwọn ibì kan ní Troms àti Finnmark, níbi tí àwọn Saami àti Kven (àwọn tí baba ńlá wọn ti Fínlándì wá) ti kó sí èdè Nọ́wè, Nọ́wè tí wọ́n ń sọ ò ní ohùn méjì mọ́. Àgbẹ̀ àti ẹ̀wà ti dọ́gba.

Àrìnkò_Romsa · 8:20 alẹ́

Ẹ dákun, ìyẹn ni! Àǹtí kan wà ní káńtíìnì wa, láti ìhà Finnmark. Mo máa ń gbọ́ Nọ́wè wọn bí ohun tí ẹnìkan fi irin lọ̀ pẹrẹsẹ. Nígbà àkọ́kọ́ mo rò pé òtútù ló mú wọn lọ́fun.

Kòmọ̀kànkan · 8:22 alẹ́

Àwa tí a ń sọ "ogun, ògùn, oògùn, òógùn" láti inú oyún, a kàn ń wo wọ́n ni.

Ìyá Ìbejì Umeå · 8:40 alẹ́

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà díẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Saami ti wà ní Karasjok láti 1989, ti Swídìn dé ní 1993. Ní 2023, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí òtítọ́ ní Nọ́wè gbé àbọ̀ rẹ̀ wá. Ibi tí mo wà, àwọn ọmọ iléèwé tí kò gbọ́ ọ nílé ti ń kọ́ ọ. Bàbá Tíṣà, gírámà irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ti ìyá àgbà ni, àbí ti Swídìn?

Tíṣà Gírámà · 9:15 alẹ́

Tiwọn ni yóò jẹ́. Wọ́n á gbé díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, díẹ̀ láti inú ìwé gírámà, díẹ̀ láti Swídìn. Bí ìyá àgbà bá wà láàyè, wọ́n á bá wọn wí. Tí wọn ò bá sí, ìwé nìkan ló kù, ìwé kì í sì í bu ẹja síni lábọ́.

Àrìnkò, ìdánwò yín ọjọ́ wo ni?

Àrìnkò_Romsa · Ọjọ́bọ̀, 10:03 alẹ́

Òní ni, sà. Wọ́n ní ká kọ "mo ní ajá". Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi, mo ní kí n ṣe fọ́ńtẹ́ díẹ̀. Mo gbé *atnit* wá, mo yí ajá sí àbọ̀ bó ṣe yẹ, mo kọ ọ́ gàdàgbà: *Mun anán beatnaga*.

Tíṣà dúró lẹ́yìn mi, wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gírámà rẹ̀ mọ́ tónítóní. "Mo ń lo ajá" ni mo kọ. Wọ́n wá bi mí pé àgbọ̀nrín mélòó ni mo ní tí ajá náà ń bá mi dà.

Tíṣà Gírámà · 10:11 alẹ́

Ká ní Snåsa lo wà ni, ìwọ ìbá ti pàsì.